Wárápá: Ìbẹ̀rù Tí Òye Lè Lé Lọ

Kí ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá ṣubú lulẹ̀ lójijì láàárín ọjà, tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ojú rẹ̀ yí sókè, tí ìfófó sì ń yọ lẹ́nu rẹ̀? Gbogbo wa ni a mọ ìdáhùn. Àwọn tí ó wà nítòsí a fò sẹ́yìn. Ìyá a fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, a sì fi ọwọ́ bò ó lójú. Ẹnìkan a kígbe pé, “Ẹ má fọwọ́ kàn án o!” Kí á tó ṣẹ́jú pẹ́, àyè á ti ṣí sílẹ̀ yí ẹni náà ká bí ẹni pé paramọ́lẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn a dúró lókèèrè, wọn a máa wò ó, wọn a máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bá iná ni ó ṣubú sí, tàbí etí odò, ìbẹ̀rù yìí lè di ikú fún un.

Ẹ̀yin ará, àwọn tí ó sá yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò bu oúnjẹ fún àlejò, tí yóò bẹ aláìsàn wò, tí yóò sì dá owó fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Kí ni ó wá dé tí ọwọ́ tí ó máa ń lawọ́ bẹ́ẹ̀ fi ká kò lọ́jọ́ yẹn? Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Ẹ̀rù bà wọ́n, ẹ̀rù náà sì bà wọ́n nítorí pé ohun tí ojú wọn rí kò yé wọn.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ àìsàn wárápá yẹ̀ wò. A fẹ́ mọ ohun tí ó jẹ́, ohun tí kò jẹ́, àti ohun tí ó ń fi hàn nípa ọkàn àwa ènìyàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn nìkan ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí àádọ́ta mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ní wárápá káàkiri ayé, àti pé mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn ń gbé ní irú àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ bíi tiwa. Nítorí náà, bí ìjọ kan bá ní ènìyàn bí ẹgbẹ̀rún kan, ó ṣòro kí ẹbí kan má wà níbẹ̀ tí ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sínú ilé.

ÌBẸ̀RÙ ÀTI ÌṢẸ̀DÁ ÈNÌYÀN

Ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Ọlọ́run tí ó dá wa ni ó fi í sí wa lára. Ọmọ tí kò bẹ̀rù iná yóò jóná, ẹni tí kò bẹ̀rù ọkọ̀ yóò kú sí títì. Ìbẹ̀rù ni ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa fò sẹ́yìn kí ojú wa tó rí i dájú pé ejò ni ó wà nínú koríko.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ní àbùkù kan: kì í dúró béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Níbi tí ìmọ̀ bá sì ti parí, ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀. Ẹnìkan á sọ pé, “Ó jọ pé…” Ẹnìkejì á sọ pé, “Mo gbọ́ pé…” Nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ ẹnìkẹta, ó ti di “Wọ́n ní…” Bí ọdún bá ti gorí ọdún, ọ̀rọ̀ tí kò ní baba tẹ́lẹ̀ á ti di àṣà, ẹni tí ó bá sì béèrè ìdí rẹ̀ ni a ó máa wò bí aláìgbọ́n.

Ohun mẹ́ta ni ó mú kí wárápá máa dẹ́rù bà wá ju àìsàn mìíràn lọ. Èkíní ni pé lójijì ni ó ń dé. Ibà máa ń kọ́kọ́ fi orí fífọ́ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n wárápá lè gbé ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ṣánlẹ̀. Èkejì ni pé a ń rí ara tí ń ṣe ohun tí ẹni tí ó ni ín kò rán an. Ẹ̀kẹta ni pé ó tún ń lọ. Ẹni tí ó dà bí òkú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn á jókòó, á nu ẹnu rẹ̀, á sì béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ohun tí ó dé láìkìlọ̀, tí ó gba àkóso ara, tí ó sì tún lọ láìdágbére, ó rọrùn fún ènìyàn láti sọ pé ẹ̀dá mìíràn ni ó wọlé tí ó sì jáde.

KÌ Í ṢE ILẸ̀ WA NÌKAN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn baba wa nìkan ni ó ronú bẹ́ẹ̀. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ pe wárápá ní àrùn mímọ́, nítorí wọ́n gbà pé ọwọ́ àwọn òrìṣà wọn ni ó ti wá. Ní nǹkan bí 400 ọdún kí a tó bí Jésù, ìwé kan jáde lára àwọn ìwé ìṣègùn tí a mọ̀ mọ́ orúkọ Hippocrates. Ẹni tí ó kọ ọ́ sọ pé àrùn yìí kò mọ́ ju àrùn yòókù lọ, pé inú ọpọlọ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, àti pé àìlóye àwọn ènìyàn ni ó jẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ òrìṣà pè é. Ẹ wò bí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ tó! Síbẹ̀ ayé kò gbọ́ fún ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní ọ̀làjú pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, títí di ọdún 1956, ìpínlẹ̀ 17 ni ó ní òfin tí kò jẹ́ kí ẹni tí ó ní wárápá ṣe ìgbéyàwó, ọdún 1980 sì ni ìpínlẹ̀ tí ó kẹ́yìn tó pa irú òfin bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1970 ni wọ́n mú tiwọn kúrò. Àwọn wọ̀nyí ní yunifásítì, wọ́n ní ilé ẹjọ́, wọ́n sì ní ìwé ìròyìn. A rí i nípa èyí pé ìwé kíkà nìkan kì í lé ìbẹ̀rù lọ. Ènìyàn lè gba oyè jọ kí ó sì máa bẹ̀rù ohun tí kò fi ara balẹ̀ wò rí.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń dé. Ní ọdún 1873, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ John Hughlings Jackson ṣàlàyé pé ohun tí ń bì ṣubú ni agbára tí ó tú jáde lójijì láti inú ọpọlọ. Ní ọdún 1924, Hans Berger ní ìlú Jena, ní ilẹ̀ Jámánì, rí ọ̀nà láti ka ìró iná inú ọpọlọ ènìyàn láti ìta agbárí, ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1929. Láti ìgbà náà ni ohun tí a ń pè ní àdììtú ti di ìlà tí a lè rí lórí ìwé.

KÍ NI WÁRÁPÁ GAN-AN?

Ẹ jẹ́ kí a ro ẹgbẹ́ onílù kan. Ìyáàlù ń sọ tirẹ̀, omele ń dáhùn, gúdúgúdú ń tẹ̀lé e, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń gbè é lẹ́sẹ̀. Olúkúlùkù wọn mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó lù àti ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́. Ohun tí ó mú kí ìlù náà dùn nìyẹn. Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé lójijì gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lu ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, kíkankíkan, láìsinmi, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò lè jó o.

Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ wa rí. Ọ̀kẹ́ àìmọye sẹ́ẹ̀lì ni ó wà nínú rẹ̀, iná kékeré ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nípa ọ̀rọ̀ yìí ni a fi ń rìn, tí a fi ń ríran, tí a fi ń rántí orúkọ ọmọ wa. Nígbà tí wárápá bá gbéni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ni ó jùmọ̀ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọpọlọ kò lè darí ara mọ́ títí wọn yóò fi dákẹ́. Nígbà púpọ̀, láàárín ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta, wọn a dákẹ́ fúnra wọn.

Bí a bá ti mọ èyí, àwọn ohun tí ń dẹ́rù bà wá á bẹ̀rẹ̀ sí í yé wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ló dé tí aláìsàn fi máa ń ké kí ó tó ṣubú? Iṣan àyà rẹ̀ ni ó fún pọ̀ lójijì, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì gba ọ̀nà ọ̀fun jáde tipátipá. Ohùn òun fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe ohùn ẹlòmíràn.

Ìfófó ẹnu ńkọ́? Itọ́ lásán ni, irú èyí tí ó wà lẹ́nu gbogbo wa. Aláìsàn kò lè gbé e mì ní àkókò náà, èémí rẹ̀ sì ń pò ó pọ̀ títí ó fi hó. Bí a bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ó ti gé ahọ́n tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ ni. Kò sí wárápá kankan nínú itọ́ náà. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ nù ún kò ní kó o. Ẹni tí ó bá bá a jẹun nínú àwo kan náà kò ní kó o. Ọkọ tàbí aya tí ó bá a sùn kò ní kó o.

Kí ló dé tí ó fi tọ̀ sára? Iṣan tí ń di ìtọ̀ mú ni ó tú, gẹ́gẹ́ bí ti gbogbo ara. Kí ló dé tí ó fi sùn fọnfọn lẹ́yìn rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dàrú nígbà tí ó jí? Ó rẹ ọpọlọ ni, bí ó ti máa ń rẹ ẹni tí ó sáré ọ̀nà jíjìn.

Ó yẹ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo wárápá ni ó ń gbéni ṣánlẹ̀. Ọmọ mìíràn wà tí yóò kàn dákẹ́ lójijì nínú kíláàsì, tí yóò máa wo ọ̀kánkán bí ẹni tí kò sí níbẹ̀, fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí yóò sì tún máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èyí lè ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Olùkọ́ á sọ pé kò fetí sílẹ̀, òbí á sọ pé olódo ni, a ó sì máa na ọmọ tí àìsàn ń ṣe. Àwọn àgbàlagbà mìíràn wà tí ọwọ́ kan ṣoṣo yóò máa gbọ̀n, tàbí tí wọn yóò máa gbọ́ òórùn tí kò sí, tí wọn yóò sì máa jẹnu láìmọ̀.

OHUN TÍ Ń FÀ Á

Wárápá kì í ṣe àrùn kan tí ó ní orísun kan. Ohunkóhun tí ó bá pa ọpọlọ lára lè dá a sílẹ̀. Lára wọn ni ọmọ tí kò tètè mí nígbà tí a bí i, ibà tí ó wọ ọpọlọ, àrùn yírùnyírùn, orí tí ó fọ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà, àrùn rọpárọsẹ̀, àti ẹyin aràn inú ẹlẹ́dẹ̀ tí ó gba inú omi tàbí oúnjẹ tí kò mọ́ wọlé, tí ó sì ráyè dé inú ọpọlọ. Àwọn mìíràn jogún rẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ jù lọ nínú ọmọ tí àwọn tí ó ní wárápá bí ni kì í ní in. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn pẹ̀lú, a kì í rí ohun tí ó fà á.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó ṣiṣẹ́ takuntakun lórí ọ̀rọ̀ yìí ni olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tí ó kú ní ọdún 1995. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láti ilé dé ilé ní ìlú Igbó-Ọrà, ní agbègbè Ìbàràpá. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1987, wọ́n rí i pé ènìyàn bíi márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún kan ni ó ní wárápá níbẹ̀. Ní Ayétẹ̀, tí kò jìnnà síbẹ̀ rárá, iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe fi hàn pé ó tó 37 nínú ẹgbẹ̀rún kan.

Kí ni ìyàtọ̀ àárín ìlú méjèèjì? Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, àṣà wọn kò sì yàtọ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ náà tọ́ka sí ni pé Igbó-Ọrà ti ní ètò ìlera tí ó dára fún nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú ìgbà náà, nípasẹ̀ iṣẹ́ tí Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1963. Àwọn aboyún ń rí ìtọ́jú, a ń gba ẹ̀bí wọn bí ó ti yẹ, a ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, a sì ń tètè wo ibà wọn. Ẹ jẹ́ kí èyí wọ̀ wá lọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ayé tàbí ègún ìdílé ni gbogbo wárápá, ṣé a ó sọ pé àwọn ọ̀tá pọ̀ ní Ayétẹ̀ ju Igbó-Ọrà lọ ni? Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ pé bí ìdá kan nínú mẹ́rin wárápá ni a lè dènà. Aboyún tí ó ń lọ sí kíláníkì, ìyá tí kò fi ibà ọmọ ṣeré, ọlọ́kadà tí ó de akoto, ẹni tí ń fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun, gbogbo wọn ni ó ń lé wárápá jìnnà, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀.

OHUN TÍ ÌBẸ̀RÙ Ń BÀJẸ́

Bí a bá ro ó dáadáa, a ó rí i pé ìbẹ̀rù ń ṣe àwọn aláìsàn yìí ní ibi tí àìsàn náà fúnra rẹ̀ kò ní ṣe. Àìsàn lè gbé ọmọ ṣubú lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni ó ń yọ ọ́ kúrò ní ilé ìwé ní gbogbo ọjọ́ yòókù. Ìbẹ̀rù ni ó ya ife àti àwo rẹ̀ sọ́tọ̀. Òun ni ó ń gbé ọmọge pa mọ́ sí ìyẹ̀wù ẹ̀yìn nígbà tí àlejò bá dé, kí wọ́n má bàa sọ pé àrùn wà nínú ìdílé náà kí àwọn àbúrò rẹ̀ má sì rí ọkọ fẹ́.

Ìbẹ̀rù tún ń sọ ìwòsàn di ìyà. Nígbà tí gìrì bá mú ọmọ kékeré, àwọn kan a ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná kí ó lè jí. Àwọn kan a fi ata sí i lójú. Àwọn kan a ki ṣíbí bọ ẹnu rẹ̀ títí eyín yóò fi kán. Àwọn kan a sì rọ àgbo ìtọ̀ màlúù sí i lọ́fun. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti kọ̀wé nípa àgbo yìí láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Wọ́n rí i pé ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ dé ibi tí ọpọlọ rẹ̀ lè bàjẹ́ títí láé, àti pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti pa. Ìfẹ́ ni ó gbé àgbo náà lé ọmọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò ní ìmọ̀ lè ṣe iṣẹ́ tí ọ̀tá kò lè ṣe.

Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé bí iná bá ti jó ẹni tí wárápá gbé, kò ní sàn mọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, àpá tí ó gbà nítorí pé a sá fún un ni a tún fi ń dá a lẹ́bi pé kò ní ìrètí. Èyí kì í ṣe òtítọ́ rárá.

BABA KAN ÀTI ỌMỌ RẸ̀

Inú Ìwé Mímọ́, nínú orí kẹsàn-án ìwé Máàkù, a ka ìtàn baba kan tí ó mú ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Jésù. A kò fẹ́ fi ìtàn náà jiyàn níhìn-ín. Ohun tí a fẹ́ kí a kíyè sí ni ìṣe Olúwa wa. Nígbà tí ó dé, àwọn ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, àríyànjiyàn ni wọ́n sì ń ṣe. Ọmọ ń jìyà, àwọn àgbà ń jiyàn! Jésù yí sí baba ọmọ náà, ó sì bi í léèrè iye ìgbà tí ó ti ń ṣe é. Ó jẹ́ kí baba náà sọ̀rọ̀ nípa ìgbà èwe ọmọ rẹ̀, nípa iná àti omi tí ó ti ṣubú sí. Nígbà tí ọmọ náà sì dùbúlẹ̀ bí òkú, tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ó ti kú, Jésù fà á lọ́wọ́, ó sì gbé e dìde.

Ó béèrè, ó fetí sílẹ̀, ó sì fọwọ́ kàn án. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kò sí èyí tí àwa kò lè ṣe.

Àwọn kan yóò béèrè pé, “Àdúrà ńkọ́?” Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí àdúrà ti bá oògùn jà. Ẹni tí ó ní kí aláìsàn da oògùn rẹ̀ nù kí ó lè fi hàn pé òun ní ìgbàgbọ́ ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́. Bí a bá dá oògùn wárápá dúró lójijì, àìsàn náà lè padà wá pẹ̀lú agbára, ó lè máa gbé aláìsàn léraléra láìdáwọ́ dúró, ó sì lè pa á. Bí ara bá ti yá, dókítà ni kí ó sọ bẹ́ẹ̀, kí òun náà sì dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀. Ọpẹ́ tí dókítà bá jẹ́rìí sí kò dín ògo Ọlọ́run kù.

ÌTỌ́JÚ WÀ

Ìròyìn ayọ̀ tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò tíì gbọ́ ni èyí: nínú ẹni mẹ́wàá tí ó ní wárápá, ó tó méje tí ó lè máa gbé ayé láìtún ṣubú, bí a bá mọ àìsàn náà dájú tí wọ́n sì ń lo oògùn tí ó tọ́. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, phenobarbital, ti wà láti ọdún 1912, nígbà tí Alfred Hauptmann kọ́kọ́ lò ó ní ilẹ̀ Jámánì, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí owó wọn kéré jù lọ. Àwọn mìíràn tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀, bíi mẹ́ta nínú aláìsàn mẹ́rin ni kò rí ìtọ́jú tí ó yẹ gbà. Fún ọ̀pọ̀ wọn, kì í ṣe owó nìkan ni ìdènà. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n jáde.

Ẹ mú aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ti ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, níbi tí dókítà tí ó mọ̀ nípa ọpọlọ wà. Kí ẹni tí ó rí i nígbà tí ó ṣubú bá a lọ, nítorí aláìsàn kì í mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Kí a má ṣe fo oògùn ní ọjọ́ kankan. Obìnrin tí ó bá fẹ́ lóyún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí pé ó ní oògùn wárápá kan tí ó lè pa ọmọ inú lára; ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Bí ọdún méjì bá kọjá láìṣubú, dókítà lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá kí a dín oògùn kù.

BÍ Ó BÁ ṢẸLẸ̀ LÓJÚ YÍN

Ẹ gé apá yìí, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, nínú ilé, ní ilé ìwé, àti ní yàrá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ.

1. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ sì wo aago.
2. Ẹ gbé iná, omi gbígbóná, ọ̀bẹ àti àga kúrò nítòsí rẹ̀.
3. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tàbí gèlè tì í lórí. Ẹ tú ohun tí ó fún un lọ́rùn.
4. Ẹ má ṣe dì í mọ́lẹ̀. Gbígbọ̀n náà yóò dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀.
5. Ẹ má ṣe ki ohunkóhun bọ ẹnu rẹ̀, ìbáà ṣe ṣíbí, ìka, omi tàbí òróró. Ènìyàn kò lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì.
6. Bí gbígbọ̀n náà bá ti ń rọlẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí itọ́ lè ṣàn jáde kí ó sì lè mí dáadáa.
7. Ẹ dúró tì í títí yóò fi jí. Ẹ sọ ibi tí ó wà fún un pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ẹ fi aṣọ bò ó bí ó bá ti tọ̀ sára, kí ẹ sì lé àwọn òǹwòran kúrò.
8. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, bí ó bá tún gbé e kí ó tó jí, bí ó bá ṣèṣe, bí inú omi ni ó ṣubú sí, bí ó bá jẹ́ aboyún, tàbí bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀.

Kò sí ohun kan nínú wọn tí ó gba owó, kò sì sí èyí tí ọmọ ọdún méjìlá kò lè kọ́.

Ọ̀RỌ̀ SÍ ẸNI TÍ Ó Ń ṢE ÀTI ÀWỌN ÒBÍ

Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni ó ń ka ìwé yìí tí àìsàn náà sì ń ṣe, mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ ni wárápá. Ó jẹ́ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ. Kì í ṣe orúkọ rẹ. Harriet Tubman jẹ́ ẹrú ní ìpínlẹ̀ Maryland, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, alábòójútó ẹrú kan ju irin ìwọ̀n sí ẹlòmíràn, irin náà sì bá a lórí. Láti ọjọ́ náà títí tí ó fi kú ní ọdún 1913, àìsàn kan máa ń gbé e lọ lójijì, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ gbà pé wárápá ni. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ sá là ní ọdún 1849, ó padà lọ nǹkan bí ìgbà 13 sí ilẹ̀ oko ẹrú, ó sì mú nǹkan bí 70 ènìyàn jáde sí òmìnira. Adúrà ni obìnrin náà, kò sì jẹ́ kí àìsàn náà sọ ibi tí òun lè dé fún un.

Ìṣọ́ra yẹ ṣá o. Má ṣe gun ọ̀pẹ, má ṣe wa ọkọ̀ títí dókítà yóò fi fún ọ láyè, má ṣe nìkan lọ sí odò tàbí ẹnu kànga, má ṣe ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ ara rẹ. Ní ìdí iná, jẹ́ kí ẹnìkan wà pẹ̀lú rẹ. Sùn dáadáa, nítorí àìsùn máa ń ru àìsàn náà sókè. Ẹ rántí èyí nígbà ìṣọ́ òru. Bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá sì dé, sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ kí ìlérí tó wọlé. Ẹni tí ó bá sá lọ nítorí òtítọ́, ó sàn kí ó lọ ní ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe pa ọmọ náà mọ́. Ẹ sọ fún olùkọ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀. Àṣírí tí ẹ ń bò lè jẹ́ kí ó ṣubú níbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni tí ó mọ ohun tí yóò ṣe.

Ẹ̀yin adarí ìjọ, iṣẹ́ kan kù fún yín. Ẹ pe nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ, kí ó fi wákàtí kan kọ́ àwọn agbáterù, àwọn olùkọ́ ọmọdé àti àwọn ìyá ní ohun mẹ́jọ tí a kọ sókè yìí. Ẹ sọ ọ́ láti orí pẹpẹ, ní gbangba, pé wárápá kì í ràn. Ní ọjọ́ tí ẹ bá sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí ìyá kan wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé rẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ó lè mú ọmọ tí ẹ kò mọ̀ pé ó ní wá, kí ó sì wá àyè jókòó láàárín yín. Ẹ sún fún un.